Ẹ Yé Sọ fún Wa Pé Kí A Má Dúró

Ìmọ̀ràn kan ti gbòde ní agbègbè wa. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ nípa rẹ̀ lórí WhatsApp, bàbá sì ń fi kìlọ̀ fún ọmọ kí ó tó gun máṣìnì jáde nílé. Ìmọ̀ràn náà ni pé: "Bí o bá rí ẹnikẹ́ni tí máṣìnì rẹ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà, má dúró. Ì báà máa juwọ́, ì báà máa sunkún, fún máṣìnì tìrẹ níná kí o kọjá."

Mo lòdì sí ìmọ̀ràn yìí. Kì í ṣe pé mo láyà ju ẹlòmíràn lọ, kì í sì í ṣe pé n kò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo lòdì sí i nítorí pé kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń sáré kọjá lónìí, máṣìnì tirẹ̀ lè kú lọ́la. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé ìrànlọ́wọ́ lójú ọ̀nà oko kò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àánú tàbí ọ̀rọ̀ orí-ire. Ètò ló yẹ kó jẹ́, ètò náà kò sì ju agbára wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọ̀nà tí mò ń wí. Ìgbòho ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Orelope, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà ní Òkè-Ògùn. Bí o bá jáde nílùú wa, ọ̀nà Kíṣí wà, ọ̀nà Ìgbẹ́tì wà, ọ̀nà tó lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ṣakí náà wà. Àwọn wọ̀nyẹn ni ọ̀nà ńlá. Láti ara wọn ni ọ̀nà tóóró ti ń yà wọ inú ọ̀dàn lọ sí abà àti gáà, níbi tí iṣu, èlùbọ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti kaṣú ti ń jáde wá sọ́jà. Bí òjò bá ti dé, mọ́tò kì í lè dé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibẹ̀ mọ́. Máṣìnì ni mọ́tò wa. Òun ló ń gbé ẹrù, òun ló ń gbé olùkọ́, òun náà ló ń gbé aláboyún lọ sí ọsibítù. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń gun máṣìnì lọ síbi iṣẹ́ ní abà kan tí n kò ní dárúkọ.

Máṣìnì tó ń ru àpò èlùbọ́ mẹ́ta pẹ̀lú èèyàn méjì lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, bàjẹ́ ni yóò bàjẹ́. Kò sí ìtọ́jú tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀gún gún táyà. Eruku ẹ̀ẹ̀rùn ń dí kábúrétọ̀, ẹrẹ̀ òjò ń jẹ ṣéènì, bẹntiróò inú ìgò tí omi ti dà pọ̀ mọ́ sì ń pa ẹ́ńjìnnì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ wọ̀nyí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún ẹni tó ní ohun èlò lọ́wọ́: púlọ́ọ̀gì kan, tíúùbù kan, ìdè ṣéènì kan, sípánà kan. Ohun tó bàjẹ́ kéré. Ibi tó bàjẹ́ sí ló ń sọ ọ́ di ńlá.

Ẹni tí èyí bá sì ṣẹlẹ̀ sí kò lè fi máṣìnì sílẹ̀ kí ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Ó lè jẹ́ pé òun ni gbogbo ohun ìní rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì san owó rẹ̀ tán fún ẹni tó tà á fún un. Bí ó bá fi í sílẹ̀ sínú igbó, kò dájú pé yóò bá a níbẹ̀ lọ́la. Nítorí náà yóò dúró tì í, yóò máa wo iwájú, yóò máa wo ẹ̀yìn, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń kọjá. Kò sí ẹni tó ń gbé ní Òkè-Ògùn tí kò mọ̀ pé ajínigbé wà. A ti gbọ́ nípa ẹni tó díbọ́n pé máṣìnì òun bàjẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lúgọ sínú igbó. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá kò dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020 fún eré. Ẹ̀rù tó ń bà wá kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà pé ó bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó dé ìdí. Ajínigbé kì í wá ibi tí èrò pọ̀ sí, ẹni tó dá wà ló ń wá. Bí gbogbo wa bá gbà láti máa kọjá, ẹni tí máṣìnì rẹ̀ kú ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yóò wà níbẹ̀ di aago méje, yóò wà níbẹ̀ di aago mẹ́sàn-án. Àwa fúnra wa la bá ajínigbé dè é mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn tó ní kí a sá fún ewu, òun gan-an ló ń bí ewu. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àìrìn ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́ ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Wọn kò sọ pé kí ejò máa sá fún ejò.

Ìṣòro wa kì í tilẹ̀ ṣe àìláàánú nìkan. Mo ti rí i pé ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́ pàápàá lè má rí ẹni tó ń wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan, máṣìnì mi kú láàárín abà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àti ọ̀nà ńlá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Mo gun òkìtì ọ̀gán kan kí fóònù mi tó mú díẹ̀, mo sì pe mẹkáníìkì mi ní Ìgbòho. Ó ní, "Tíṣà, ibo lẹ wà?" Mo ní, "Mo ti kọjá odò kékeré, igi òrí ńlá kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi." Ó ní òun ń bọ̀, ó sì wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n odò kékeré mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà náà, igi òrí ibẹ̀ kò sì lóǹkà. Ọmọkùnrin náà lọ, ó bọ̀, ó jó epo rẹ̀, ó yà wọ ọ̀nà abà mìíràn, ó pè mí títí kò wọlé. Ilẹ̀ ṣú, ó padà sílé. Mo ti sọ gbogbo ohun tí ẹnu lè sọ, òun náà ti ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe. Ẹni méjì tó ń wá ara wọn kò rí ara wọn nítorí pé ibi tí mo wà kò ní orúkọ.

Máṣìnì mẹ́fà ló kọjá lára mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọdẹ kan tó ń lọ sí oko alẹ́ ló padà ràn mí lọ́wọ́, ọ̀nà tó gbà ṣe é sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Kò sáré wá bá mi. Ó dúró lókèèrè, ó tan tọ́ṣì sí mi lójú, ó ní kí n gbé ọwọ́ mi sókè. Ó bi mí pé kí ni orúkọ mi, ta ni baálẹ̀ abà tí mo ti ń bọ̀, ọmọ ta ni mò ń kọ́. Nígbà tí mo dáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ewu," ó sì bá mi ti máṣìnì náà dé abà tó súnmọ́ jù. Ẹ̀rù ba ọdẹ yìí bí ó ti ba àwọn mẹ́fà tó kọjá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọdẹ mọ bí a ti ń bẹ̀rù kí a sì tún ṣèrànwọ́. Ìyẹn ṣeé kọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé nọ́ńbà pàjáwìrì wà. Òótọ́ ni. Nọ́ńbà 112 wà fún gbogbo Nàìjíríà, 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní 615. Kí olúkúlùkù kọ wọ́n sára ògiri ilé rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìrẹ kò bá sí níbì kan ṣùgbọ́n tí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn wà níbẹ̀, fóònù lè gba ibẹ̀ pe 112. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yòówù kí o pè, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò kọ́kọ́ bi ọ́, ìyẹn ìbéèrè tí mẹkáníìkì mi bi mí: Ibo lo wà? Fóònù ńlá lè gba ibi tó wà láti ara sátẹ́láìtì láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n fóònù onítọ́ṣì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ń lò, ẹni tó sì ní fóònù ńlá gbọ́dọ̀ tún rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ó tó lè fi ohun tó rí ránṣẹ́.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń wa ọkọ̀ kó ara wọn jọ ní ọdún 1905, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Automobile Association. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà gbé àpótí onípákó tó tóbi tó ilé ẹ̀ṣọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n fi tẹlifóònù sínú rẹ̀, wọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sára àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ á pe ilé-iṣẹ́, á ní, "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí báyìí," ọ̀rọ̀ ti parí. Títí di òní, òpó kéékèèké tó ní nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mọ́tò ńlá wọn ní gbogbo ọgọ́rùn-ún mítà.

Ní Kánádà, níbi tí yìnyín ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, wọ́n ní máṣìnì kan tí kò ní táyà lẹ́yìn. Bẹ́líìtì gbọ̀ọ̀rọ̀ ló fi ń wọ́ lórí yìnyín, irin pẹlẹbẹ méjì ló sì wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ń gùn ún wọ inú igbó tí kò sí ilé, tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí òtútù ibẹ̀ sì lè pa èèyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìpínlẹ̀ Ontario, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun máṣìnì yìí fúnra wọn ló ń tọ́jú ọ̀nà náà. Wọ́n ń ra ìwé àṣẹ, owó ìwé àṣẹ yẹn ni wọ́n sì fi ń tún ọ̀nà ṣe tí wọ́n fi ń ri àmì mọ́lẹ̀. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ olùgùn kò le: má dá lọ, sọ ibi tí ò ń lọ àti ìgbà tí o fẹ́ dé fún ẹni tó wà nílé, bí máṣìnì bá bàjẹ́ má kúrò nídìí rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀kọ́ yìí tó fẹ́ yìnyín kí ó tó ṣiṣẹ́. Ó bá ẹrẹ̀ mu, ó bá eruku mu.

Ní Jámánì, òfin ní kí a fìyà jẹ ẹni tó rí ẹlòmíràn nínú ìjàǹbá tó kọ̀ láti ràn án lọ́wọ́ nígbà tó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni fi ara rẹ̀ sínú ewu ńlá. Ẹ ò rí i? Wọn kò ní, "Dúró fún gbogbo èèyàn," wọn kò sì ní, "Má dúró fún ẹnikẹ́ni." Ọgbọ́n ọdẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi ṣòfin.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọgbọ́n òyìnbó ni mò ń kó wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Hugh Clapperton àti Richard Lander gba Òkè-Ògùn kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Láti ìlú dé ìlú ni àwọn baba wa ń fa àlejò wọ̀nyí lé ara wọn lọ́wọ́. Ìlú yìí á fún wọn ní ẹni tí yóò sìn wọ́n àti ẹni tí yóò ru ẹrù wọn dé ìlú kejì. Àwọn oníṣòwò náà kì í dá rìn, ọ̀wọ́ ni wọ́n ń tò. Ogun àti akónilẹ́rú wà nígbà náà, àwọn baba wa kò sì sọ pé nítorí ogun kí olúkúlùkù máa dá sáré. Ewu ló mú wọn ṣètò. Àwa ni ewu mú tí a fọ́n ká.

Ohun tí mò ń béèrè nìyí. Èkínní, kí a fún ọ̀nà wa ní nọ́ńbà. Kí a fi mítà ara máṣìnì wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti Ìgbòho, kí a ri òpó tàbí òkúta kan mọ́lẹ̀ ní gbogbo kìlómítà, kí a fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọ̀nà àti nọ́ńbà sí i lára. Bí máṣìnì mi bá kú, mo kàn ní láti sọ pé, "Ọ̀nà Kíṣí, òkúta keje." Ọmọdé yóò rí mi.

Èkejì, kí ìwé wà ní ibùdó ọlọ́kadà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó ń lọ sí abà kọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ń lọ àti ìgbà tó yẹ kí ó padà. Bí aago yẹn bá kọjá tí a kò rí i, kí èèyàn méjì gun máṣìnì méjì wá a lọ. Lónìí, ìyàwó ilé ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ òun kò tíì dé, kò sì mọ ẹni tí yóò sọ fún.

Ẹ̀kẹta, kí abà kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá ọ̀nà yan ilé kan tí pọ́ǹpù, sípánà, púlọ́ọ̀gì, tíúùbù àti lílẹ̀ táyà yóò wà. Kí gáà náà ní tirẹ̀, nítorí ọ̀nà kan náà la jọ ń gbà. Kí á máa san owó ohun tí a bá lò. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn kọ́ wa bí a ti ń dúró: jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ máa ṣiṣẹ́, dúró lókèèrè, tan iná, bi í léèrè orúkọ àti òkúta tó wà. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, kọjá, ṣùgbọ́n sọ nọ́ńbà òkúta náà fún ilé àkọ́kọ́ tí o bá kàn. Ẹni tó kọjá tó sì sọ, ó ti ṣèrànwọ́. Ẹni tó kọjá tó dákẹ́ ni mò ń bá wí.

Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ọlọ́kadà ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ó tọ́ kí ó béèrè pé apá wo nínú owó náà ni yóò bá òun nínú igbó lọ́jọ́ tí ṣéènì òun bá já. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Ọ̀dà, òkúta àti búrọ́ọ̀ṣì kì í ṣe iṣẹ́ tí a ó máa dúró de Abújá fún.

Mo mọ àtakò tí yóò tẹ̀lé e. Wọ́n á ní àwọn olè náà yóò ka nọ́ńbà ara òkúta. Olè mọ igbó yẹn jù wá lọ tẹ́lẹ̀, àwa tí a kò mọ ibi tí a wà la nílò òkúta. Wọ́n á ní ẹ̀bi ẹni tí kò tọ́jú máṣìnì rẹ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìjìyà ẹni tí kò pààrọ̀ ṣéènì kò yẹ kó jẹ́ pé kí ó sùn sínú igbó. Wọ́n á ní Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́. Mo gbà, àmín. Ṣùgbọ́n èèyàn ni Ọlọ́run ń rán, ẹni tó bá sì rán wá gbọ́dọ̀ mọ òkúta kẹlòó ni yóò yà sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, ẹ̀yin káńsílọ̀ tí ẹ ń gba ọ̀nà wọ̀nyí wá tọrọ ìbò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ wọn ọ̀nà kan, ẹ kọ nọ́ńbà sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kí òjò tó dé. Ẹ̀yin oníwàásù, bí ẹ bá fẹ́ kìlọ̀ fún ìjọ, ẹ kìlọ̀ bí ọdẹ ti ń kìlọ̀: ẹ kọ́ wọn bí wọn yóò ti dúró láìfi ara wọn wewu. Kí ẹ sì yé sọ fún wa pé kí a má dúró.